Ohun Tí Ń Kànkùn Nínú Wíìlì

Ọkọ̀ ìjàpá ni bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi nígbà tó kú, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kò sì dárí rẹ̀ jì mí. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ìtàn bí a ṣe parí ìjà ni mo fẹ́ sọ o. A kò parí ìjà kankan. Bí mo ṣe wá ariwo kan títí mo fi rí i nínú wíìlì ni mo fẹ́ sọ, àti ohun tí mo fi ṣe nígbà tí mo rí i tán. Ó ti pẹ́ gan-an, ewú ti gba orí mi, síbẹ̀ bí mo bá rántí rẹ̀, mo ṣì máa ń rẹ́rìn-ín sínú.

Bàbá mi ti ra ọkọ̀ náà kí wọ́n tó bí mi, nígbà tí wọ́n ń ṣe akọ̀wé. Búlúù ni tẹ́lẹ̀, oòrùn sì ti pa á di àwọ̀ aṣọ tí wọ́n ti fọ̀ jù. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, iwájú ni búùtù, ọmọrí róbótó tí ń dán gbinrin sì bo ojú wíìlì kọ̀ọ̀kan. Ní àárọ̀ Jímọ̀, kí wọ́n tó lọ kírun, bàbá mi á lóṣòó síwájú àwọn ọmọrí náà, wọ́n á máa fi aṣọ nù wọ́n títí wọ́n á fi rí irùngbọ̀n ara wọn nínú rẹ̀. Nígbà tí àìsàn dé, tí ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́, èmi ni mo ń gbé wọn lọ sí ọsibítù, sí mọ́sáláṣí, sí ibi gbogbo. Lọ́jọ́ kan wọ́n sọ fún olórí ẹbí wa, níṣojú ẹ̀gbọ́n mi, pé, "Ọkọ̀ yìí, ẹni tó ń gbé mi kiri ni kí ẹ fún." Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ó dáa, Bàbá." Mo rí ẹnu rẹ̀ bó ṣe sọ ọ́.

Ọmọ ìyáálé ni, òun sì ni dáwódù, àkọ́bí ọkùnrin. Ó ń ta páànù àti ìṣó ní Ìrẹ̀mọ, nínú ilé bàbá wa gan-an ló sì ń gbé. Èmi ni ọmọ kan ṣoṣo tí ìyàwó kejì bí. Mo ń ṣe tíṣà, èmi àti màmá mi sì jọ ń gbé ní Òkè-Ogbó. Nígbà tí wọ́n pín ogún ní ìdí-igi, ìyẹn ní iye ìyàwó tó bímọ, ilé bọ́ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀, oko tó wà lọ́nà Ìpetumodù bọ́ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀, ọpọ́n ayò bàbá mi náà sì bọ́ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Oko kò dùn mí. Ọpọ́n yẹn ló dùn mí, nítorí ìdí rẹ̀ ni bàbá mi ti kọ́ mi ní ayò nígbà tí eyín ọmọdé kò tíì ká tán lẹ́nu mi. Bí àwọn ọ̀rẹ́ wọn bá ń rẹ́rìn-ín pé obìnrin ń ta ayò, wọ́n á ní, "Orí ni wọ́n fi ń ta á, wọn kì í fi irùngbọ̀n ta á." Àdín ni wọ́n fi ń pa àwọn ọmọ ayò náà lára láti ọdún tí mo ti gbọ́njú, títí wọ́n fi dúdú, tí wọ́n ń dán bí ojú eku. Kò sí irú wọn ní gbogbo Ìrẹ̀mọ. Eérú-eérú ni tàwọn ẹlòmíràn.

Nínú ẹbí tiwa, kí wọ́n tó pín ẹrù òkú, àkọ́bí ni yóò fọ gbogbo rẹ̀ fúnra rẹ̀, kí ọwọ́ olóògbé lè kúrò lára rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bá a fọwọ́ kàn án. Ẹ̀gbọ́n mi fọ aṣọ, ó fọ àtùpà, ó fọ ọpọ́n ayò, lẹ́yìn náà ló wá fọ ọkọ̀. Gbogbo òwúrọ̀ ló fi wà nídìí ọkọ̀ yẹn. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo rí i tó lóṣòó síbi táyà ẹ̀yìn bí bàbá mi ṣe máa ń ṣe, omijé sì bọ́ lójú mi. Mo ní ó mà fẹ́ràn bàbá wa o.

Bí mo ṣe wa ọkọ̀ náà kúrò ní Ìrẹ̀mọ lọ́jọ́ náà, màmá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ni mo gbọ́ ọ. Kọ̀rọ̀, kọ̀rọ̀, kọ̀rọ̀. Bí ìgbà tí ènìyàn bá ń fi èékánná kan ilẹ̀kùn ló rí. Nígbà tí mo sáré díẹ̀, ó dákẹ́. Bí mo ṣe dẹ ẹsẹ̀ sílẹ̀ ní ìtòsí ilé, ó tún bẹ̀rẹ̀. Màmá mi di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú.

Kò pẹ́ tí ẹ̀gbọ́n mi fi wá kí wa. Ó ní kí n wa ọkọ̀ náà díẹ̀ kí òun gbọ́ ọ. Ó tẹ orí ba, ó di ojú, ó gbọ́ ọ tẹ́rùn.

"Màmá, ṣé ẹ gbọ́? Ṣebí báyìí ni Bàbá máa ń kànkùn tí wọ́n bá dé láti ìta?"

Òótọ́ ni. Èékánná ni bàbá mi máa ń fi kànkùn, wọn kì í lo ìkúùkù. Ojú màmá mi yí padà.

"Inú wọn ò dùn sí nǹkan kan ni," ẹ̀gbọ́n mi ní. "Ẹ má bínú o, èmi ò sọ pé nítorí pé wọ́n gbé ọkọ̀ fún obìnrin ni. Ẹnu mi kọ́ lẹ ti gbọ́ ọ."

Láti ọjọ́ náà ni màmá mi kò ti wọ ọkọ̀ mọ́. Orúnkún rẹ̀ kò dára, síbẹ̀ yóò tiro dé títì, yóò gun ọ̀kadà lẹ́yìn ọmọkùnrin tí kò mọ̀ rí, yóò fi ọwọ́ kan di ìbòrí rẹ̀ mú. Èmi á máa wa ọkọ̀ òfìfo bọ̀ lẹ́yìn wọn. Ní alẹ́, mo máa ń gbọ́ tó ń bẹ bàbá mi lórí àdúrà pé bí òun bá ṣẹ̀ wọ́n, kí wọ́n jọ̀ọ́. Ohun tí kò jẹ́ kí n dárí ji ẹnikẹ́ni nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi lè gba ọkọ̀ lọ́wọ́ mi, ọkọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí obìnrin tó tọ́jú ọkọ rẹ̀ dójú ikú máa rò pé ọkọ náà ń bínú sí òun ní sàréè.

Ọ̀rọ̀ náà dé etí ẹbí, ta ni ì bá sì gbé e débẹ̀? Olórí ẹbí, àbúrò bàbá mi tó dàgbà jù, pè mí. Baba jẹ́jẹ́ ni wọ́n. Wọ́n ní kí n wá nǹkan ṣe sí i. Bí ariwo náà bá ṣì wà títí di ọjọ́ àdúrà ọdún bàbá mi, wọ́n á gba ọkọ̀ náà fún dáwódù, kí olóògbé lè sinmi. Mo ní mo ti gbọ́, Bàbá.

Mo wá ariwo náà bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi fi mẹkáníìkì kan hàn mí, ó tilẹ̀ bá mi ṣàlàyé fún un pé iwájú ló ti ń wá, etí òun ni òun fi gbọ́ ọ. Mẹkáníìkì tú wíìlì iwájú méjèèjì, ó pààrọ̀ béárìnì, ó fi gíríìsì sí i. Kọ̀rọ̀, kọ̀rọ̀. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ìyẹn ní ẹ̀yìn ni, bó bá sì ti jẹ́ ẹ̀yìn ìjàpá, ẹ́ńjìnnì ni. Ó sọ ẹ́ńjìnnì náà kalẹ̀, ó tò ó padà, bọ́ọ̀tì kan ṣẹ́ kù lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì sọ pé kò ṣe nǹkan kan. Ariwo náà kò lọ. Gbogbo tíṣà ilé ìwé wa ló ní èrò tirẹ̀. Màmá mi mú àlùfáà kan wá, wọ́n ka àdúrà yí ọkọ̀ náà ká, wọ́n wá wọ inú rẹ̀ kí wọ́n lè gbọ́ ọ. Nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ronú díẹ̀, wọ́n ní àwọn rò pé ṣọ́ọ̀kì ni.

Ọ̀wọ́n epo ló tú àṣírí náà. Nígbà yẹn, bẹntiróò máa ń wọ́n débi pé ènìyàn á sùn ní ilé epo, gbogbo wa la sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ epo lò. Bí a bá dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, a ó pa ẹ́ńjìnnì, ọkọ̀ á máa yí lọ fúnra rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mò ń bọ̀ láti ilé ìwé, mo pa ẹ́ńjìnnì lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wọ àdúgbò wa. Ọkọ̀ dákẹ́ rọ́rọ́, ó ń rọra yí lọ. Ariwo náà kò sì dákẹ́. Ó tilẹ̀ ṣe ketekete ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Mo mọ̀ nígbà náà pé kì í ṣe ẹ́ńjìnnì. Lọ́jọ́ kejì mo mú ọ̀rẹ́ mi dání, obìnrin tó ń kọ́ wọn ní ìṣirò níléèwé wa. Mo jẹ́ kí ọkọ̀ máa yí lọ pẹ̀lẹ́ láìtan ẹ́ńjìnnì, òun sì ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó tẹ̀ ba, ó gbé etí ti wíìlì kan dé òmíràn. Àwọn tó ń kọjá ń béèrè bóyá nǹkan wa ló sọnù. Nígbà tó dé ẹ̀yìn lọ́wọ́ ọ̀tún, ó fi ọwọ́ lu ara ọkọ̀ pé kí n dúró.

"Ibí ni. Kò sí nínú wíìlì gan-an o. Abẹ́ ọmọrí yìí ló wà."

Mo fi ìdí ṣíbí tú ọmọrí náà. Ohun tó wà nínú rẹ̀ yí sí àtẹ́lẹwọ́ mi. Ọmọ ayò ni, mẹ́rin, iye tí wọ́n ń kó sí ilé kan lórí ọpọ́n. Ìdọ̀tí ti bò wọ́n. Mo fi ìka nu ọ̀kan, ó dúdú, ó ń dán.

Gbogbo rẹ̀ wá yé mi níbẹ̀. Bí wíìlì bá ń yí pẹ̀lẹ́, wọ́n á máa ṣubú lura wọn. Bó bá sáré, wọ́n á lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́, wọ́n á dákẹ́. Ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi fọ ọpọ́n ló fọ ọkọ̀. Kò sí ẹlòmíràn tó gbọdọ̀ fọwọ́ kan èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n sáré lọ fi han màmá mi. Mo ní rárá.

Mo mọ ohun tí màmá mi yóò sọ. Yóò ní ẹ̀gbọ́n mi ni, kí n fi fún Ọlọ́run. Èmi kò sì fẹ́ fi fún Ọlọ́run. Ọlọ́run máa ń mú sùúrù fún ènìyàn. Bí mo bá sì lọ bá ẹ̀gbọ́n mi lójúkorojú, yóò ní òun kò mọ nǹkan kan, kò sì sí bí àbúrò ṣe lè dúró láàárín ẹbí kó ní ẹ̀gbọ́n òun ń purọ́. Wọ́n á ní kí n kúnlẹ̀, kí n tọrọ àforíjì. Ibì kan ṣoṣo ló wà tí ọmọdé ti lè sọ ohun tó bá wù ú sí àgbà, tí àgbà kò sì gbọdọ̀ bínú, ìdí ayò ni. Níbẹ̀, ọ̀ta ni ẹni tó bá ń jẹ, ọ̀pẹ ni ẹni tí wọ́n ń jẹ, ọ̀ta sì ní àṣẹ láti fi ọ̀pẹ ṣe yẹ̀yẹ́ bó ṣe fẹ́. Mo kó àwọn ọmọ ayò náà padà sí ibi tí mo ti rí wọn, mo tẹ ọmọrí náà mọ́lẹ̀.

Gbogbo ọ̀sẹ̀ tó kù ni mo fi ń gba iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjá, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kó lè gbọ́ ọ dáadáa. Á mi orí bí ẹni ń káàánú mi. Èmi náà á mi orí padà. Màmá mi ṣì ń gun ọ̀kadà ní gbogbo ìgbà yẹn, mo sì kà á sí ẹ̀gbọ́n mi lọ́rùn.

Lọ́jọ́ àdúrà ọdún, ilé bàbá wa ní Ìrẹ̀mọ kún. Mo gbé ọkọ̀ sí iwájú ilé gan-an, kọ̀rọ̀ kọ̀rọ̀ títí ó fi dúró. Nígbà tí wọ́n ṣàdúrà tán, tí wọ́n jẹun tán, àwọn ọkùnrin yí ọpọ́n ayò bàbá mi ká lábẹ́ igi, ẹ̀gbọ́n mi sì jókòó ti ọpọ́n bí ọba. Ó ti jẹ ẹni méjì ní àjẹtẹ̀lé. Màmá mi wà lórí ìjókòó láàárín àwọn obìnrin, nítòsí, ó na ẹsẹ̀ tó ń dùn ún síta.

Mo lọ kúnlẹ̀ níwájú olórí ẹbí, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n bá ẹ̀gbọ́n mi ta ọ̀kan. Àwọn kan rẹ́rìn-ín.

"Bàbá rẹ̀ kọ́ ọ," olórí ẹbí ní. "Ẹ jẹ́ kó jókòó."

Mo wo ọpọ́n náà. Láàárín àwọn ọmọ dúdú, mo rí eérú-eérú mẹ́rin, tí ẹ̀gbọ́n mi rà láti fi dí àlàfo.

"Bọ̀dá mi, ọmọ ayò Bàbá kò pé."

"Wọ́n ti sọnù láti ọjọ́ pípẹ́," ó ní. "Ta ayò bí o bá fẹ́ ta."

"Mo mọ ibi tí wọ́n wà."

Mo dìde, mo yọ ṣíbí nínú báàgì mi, mo rìn lọ síbi ọkọ̀. Gbogbo ojú ló tẹ̀ lé mi. Mo lóṣòó síbi táyà ẹ̀yìn bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe lóṣòó lọ́jọ́sí, mo tú ọmọrí, mo sì kó ohun tó wà níbẹ̀ sí ọwọ́. Mo padà wá, mo ṣa àwọn eérú-eérú kúrò lórí ọpọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, mo fi àwọn dúdú sí ipò wọn. Mo wá nu ọwọ́ mi.

"Ó ti pé báyìí," mo ní. "Ẹ̀yin lẹ ó kọ́kọ́ ta, bọ̀dá mi. Ẹ̀yin lẹ fọ ọpọ́n, ẹ̀yin náà lẹ fọ ọkọ̀."

Olórí ẹbí wo ọpọ́n, wọ́n wo ọkọ̀, wọ́n wá wo ẹ̀gbọ́n mi. Bó bá dìde, ó ti jẹ́wọ́ nìyẹn. Ó ta ayò.

Mo jẹ ẹ́, àwọn èèyàn ọ̀hún jẹ́rìí. Gbogbo ohun tó wà nínú mi láti ọdún náà ni mo sọ níbẹ̀, mo sì ń pè é ní "ẹ" ní gbogbo ìgbà, bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń kànkùn? Ẹ lọ ṣílẹ̀kùn fún Bàbá." Mo jẹ ilé méjì. Mo ní, "Ẹ̀yin ọ̀pẹ, ṣé iwájú lẹ ti gbọ́ ọ ni, àbí ẹ̀yìn? Etí yín kan náà yẹn ni o." Mo jẹ mẹ́ta. Mo ní, "Ìyá mi ń tiro lọ gun ọ̀kadà, ẹ sì ń mi orí. Ẹ tún un mì kí n rí i." Àwọn ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, wọ́n ń pè é ní ọ̀pẹ, àwọn méjì tí ẹ̀gbọ́n mi ti jẹ lọ́sàn-án náà ló ń pariwo jù. Òógùn bo ojú rẹ̀. Inú mi dùn.

Nígbà tí ọmọ ayò kò ṣẹ́ kù níwájú rẹ̀ mọ́, kò wo ojú mi. Ọpọ́n ló ń wò. Ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí ẹni pé kì í ṣe èmi ló ń bá sọ̀rọ̀.

"Bàbá ò kọ́ mi rí. Ojú fèrèsé ni mo máa ń dúró sí, tí wọ́n bá ń kọ́ ìwọ."

Mo gbọ́ ọ. Àwọn tó wà nítòsí náà gbọ́ ọ.

"Ó hàn bẹ́ẹ̀, bọ̀dá mi," mo ní.

Ẹ̀rín bú, gbogbo abẹ́ igi ló gbà á. Olórí ẹbí dìde, wọ́n ní ọkọ̀ ti di tèmi, kí ẹnikẹ́ni má tún sọ ọ́ mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi kó ọpọ́n náà mọ́ra, ó wọlé.

Màmá mi kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ó tiro lọ síbi ọkọ̀ fúnra rẹ̀, ó ṣílẹ̀kùn, ó jókòó sí ipò rẹ̀ níwájú. Mo rọra wà á kúrò ní Ìrẹ̀mọ, pẹ̀lẹ́ gan-an, kó lè gbọ́ pé kò sí nǹkan kan mọ́. Ó tẹ́tí. A dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, mo pa ẹ́ńjìnnì.

"Gbogbo ohun tí o sọ fún un ló tọ́ sí i," ó ní. "Àfi èyí tó kẹ́yìn yẹn."

Mo gbójú mọ́ ọ̀nà. Ọkọ̀ ń yí lọ sílé, kò sì sí ariwo kankan nínú wíìlì tí mo lè ṣe bí ẹni pé mò ń gbọ́.